Kí Ẹ́ńjìnnì Tó Ké: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ́ìlì Alùpùpù Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì alùpùpù ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà ní ìpàdé wa tí ó kọjá mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí ó di ìjà.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa yá owó nínú àpò alájẹṣẹ́kù ẹgbẹ́, ó fi ra alùpùpù tuntun tí ó fi ń kó ọjà fún àwọn oníṣòwò. Kò pé oṣù mẹ́sàn-án tí ẹ́ńjìnnì náà fi dákú sójú ọ̀nà. Nígbà tí mẹ́káníìkì tú u, ó rí i pé písítìnì ti họ, ríǹgì rẹ̀ ti jẹ, ọ́ìlì tí ó kù nínú rẹ̀ kò sì kún ife tíì kan. Owó ẹgbẹ́ kò tíì san tán, irin tí ì bá fi san án sì ti dùbúlẹ̀. A bi í pé ìgbà wo ni ó pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn. Ó dáhùn pé òun kò pààrọ̀ rẹ̀ rí, pé ńṣe ni òun ń bu díẹ̀ kún un nígbà tí òun bá gbọ́ pé ó ń ké.

Lójú ẹsẹ̀ ni ilé pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní oṣooṣù ni kí á máa pààrọ̀ ọ́ìlì. Àwọn kan ní ìgbà tí ó bá dúdú ni. Àwọn kẹta ní ìwé tí ó bá alùpùpù wá dárúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, nítorí náà ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́ ń da owó sínú gọ́tà ni. Àwa kò ní fi ibi tí a dúró sí pa mọ́. A gbà pé ìrìn ni kí á máa kà, kì í ṣe oṣù, kì í sì í ṣe àwọ̀. Àti pé nínú eruku ilẹ̀ yìí, ìdajì iye tí ìwé bá sọ ni kí á máa lò.

A kò dá ọ̀dọ́ náà lẹ́bi pátápátá, nítorí ọ̀dọ̀ àwa àgbà ni ó ti kọ́ ọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa gùn nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ yìí. Bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ bá ń ké, a ó kán òróró sí i, yóò sì dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ a máa ké kí ó tó bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì kò rí bẹ́ẹ̀: nígbà tí etí bá fi gbọ́ igbe rẹ̀, irin ti jẹ irin nínú lọ́hùn-ún, ọ́ìlì tí a bá sì bù sí i lẹ́yìn èyí kò lè dá ohun tí ó ti jẹ padà.

Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe. Ó ń dúró láàrin irin àti irin kí wọ́n má baà ha ara wọn. Ó ń gbé ooru kúrò lára písítìnì. Ó ń kó èérí àti ẹ̀fúùfù irin mọ́ra. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù wa, ọ́ìlì kan náà ni gíà àti kílọ́ọ̀ṣì ń lò, kò sì ju bíi líítà kan péré lọ. Líítà kan yìí ni ó ń ru gbogbo ẹrù wọ̀nyí. Bí ó ti ń pẹ́, ooru àti gíà ń fọ́ agbára rẹ̀, yóò sì ṣàn bí omi. Nítorí náà, dúdú rẹ̀ kọ́ ni àmì pé ó ti bàjẹ́. Ọ́ìlì tí ń fọ inú ẹ́ńjìnnì yóò dúdú láìpẹ́. Èyí tí agbára rẹ̀ ti tán sì lè má dúdú jù ú lọ. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn wá.

Kí wá ni ìwé sọ? Fún àwọn alùpùpù kéékèèké bí oní-100 sí oní-150 CC, ọ̀pọ̀ ìwé ní kí á pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ láàrin kìlómítà 500 sí 1,000, nítorí irin tuntun a máa ha ara wọn púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn kan ní 2,000 tàbí 3,000. Àwọn mìíràn ní 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí kan náà ni ó sì wí pé níbi tí eruku bá ti pọ̀, tí ẹrù sì wúwo, kí á tètè pààrọ̀ rẹ̀. Ibí gan-an ni àwọn ará wa kẹta kò kà dé. Bí ìwé bá wí 3,000, kí àwa ní Kánò mú 1,500.

Ẹ wò ó bí oṣooṣù ṣe ń tan ni. Ẹni tí ó ń kó ọjà, tí ó ń rin kìlómítà 100 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, yóò pé 1,500 ní ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀. Bí ó bá dúró di oṣù kan, ó ti ré kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí àlọ àti àbọ̀ kò ju kìlómítà mẹ́rin, yóò lò ju ọdún kan lọ kí ó tó pé 1,500. Àwọn irú èyí pọ̀ láàrin wa, pàápàá láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò ti fi òfin de fífi alùpùpù gbé èrò. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe rò pé òun ti bọ́. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Epo pẹtiróòlù tí kò jó tán ń wọ inú ọ́ìlì, ìrìn rẹ̀ kò sì gùn tó láti gbóná kí ó gbẹ. Kí òun máa pààrọ̀ tirẹ̀ ní oṣù mẹ́fàmẹ́fà, bí ìrìn rẹ̀ kò tilẹ̀ pé.

Ẹlòmíràn yóò wí pé míítà òun ti kú. A mọ̀ pé òótọ́ ni. Kí ó máa ka líítà epo tí ó ń rà. Alùpùpù kékeré tí ó gbé ẹrù a máa rin nǹkan bí kìlómítà 40 lórí líítà kan. Nítorí náà, bí ó bá ti ra líítà 35 sí 40, ó ti tó nǹkan bí 1,500 nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fílítà náà kò gbọdọ̀ sùn. Láti bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta ni ọyẹ́, tí àwọn onílé wa ń pè ní hunturu, ń gbé eruku wá láti ìhà Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Yanrìn lẹ́búlẹ́bú ni eruku yìí. Bí ó bá gba inú fílítà afẹ́fẹ́ kọjá, yóò lọ ẹ́ńjìnnì bí ọlọ ti ń lọ ata. Ní àsìkò ọyẹ́, kí á máa ṣí fílítà afẹ́fẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oní-fóòmù, kí á fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa, kí á fi ọ́ìlì pa á, kí á sì fún un. Kí á má ṣe fi epo pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, nítorí iná. Bí ó bá jẹ́ oníbébà, a kì í fọ̀ ọ́. Kí á rọra gbọ̀n ọ́n, bí ó bá sì ti dí, kí á ra òmíràn. Ní ti fílítà ọ́ìlì, Honda CG125 àti àwọn tí wọ́n ṣe ní àwòrán rẹ̀ kò ní èyí tí à ń sọ nù. Asẹ́ wáyà ni ó wà nínú rẹ̀, kí á máa fọ̀ ọ́. Èyí tí ó bá ní fílítà oníbébà, kí á pààrọ̀ rẹ̀ bí ìwé rẹ̀ ti wí. Alùpùpù tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò wa yìí, nítorí òun ń jó ọ́ìlì tirẹ̀ dànù. Ti gíà rẹ̀ nìkan ni à ń pààrọ̀.

Kí ẹ sì wo ohun tí ẹ ń rà. Kí ẹ wá àmì JASO MA lára ìgò, nítorí àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan a máa mú kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù yọ̀. Ẹ yẹra fún ọ́ìlì tí wọ́n ń bù láti inú garawa tí ẹnì kan kò mọ orísun rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì da èyí tí ẹ tú jáde sínú gọ́tà tàbí sí ẹ̀bá kànga, nítorí omi yìí ni ọmọ yín àti ọmọ aládùúgbò yín ń mu.

A mọ èsì tí yóò wá: owó dà? Ẹni tí kò rí owó ìgò ọ́ìlì kan, níbo ni yóò ti rí owó písítìnì? Owó tí ọ̀dọ́ wa yìí yóò fi tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ju owó ìgò ọ́ìlì mẹ́wàá lọ, láìka àwọn ọjọ́ tí kò fi ṣiṣẹ́. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Ìmọ̀ràn wa méjì rè é fún ìpàdé tí ń bọ̀. Èkíní, kí ẹgbẹ́ máa ra ọ́ìlì ní páálí láti ọwọ́ oníṣòwò tí a mọ̀, kí á sì máa tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tí a rà á. Èkejì, kí ẹni tí ó bá fi owó ẹgbẹ́ ra alùpùpù ní ìwé kékeré kan, tí yóò máa kọ ọjọ́ àti ìrìn sí nígbà tí ó bá pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ó sì máa mú un wá sí ìpàdé oṣooṣù. Àwọn kan yóò wí pé èyí jẹ́ ìfojú-ọmọdé-wo-àgbà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó tí ó wà nínú àpò yẹn, owó ìyá tí ń ta ẹ̀kọ àti ti bàbá tí ń ránṣọ ni. Bí alùpùpù kan bá kú láìtọ́jọ́, ọ̀dọ́ tí ó kàn láti yá owó ni a fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù.

Ní ti ọmọ wa tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, a bẹ̀bẹ̀ kí ẹgbẹ́ fún un ní àyè láti san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò jalè, kò sì ṣe ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ni. Nísinsìnyí a ti wí i, ẹni tí ó bá tún dúró kí ẹ́ńjìnnì ké kò ní àwáwí mọ́.

Kí Ọlọ́run kí ó ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa, kí á fi ẹsẹ̀ ara wa rin padà sílé baba wa láyọ̀. Àmín.