Kì Í Ṣe Ayé Ló Ṣe É: Ọ̀rọ̀ Lórí Rìmóòtù Tí A Fi Sí Ọkọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ tó ti pẹ́ bíi tiwa.

Púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ pé ọkọ̀ wa lọ kọlu tánkì omi nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù tó kọjá. Àwọn kan ti pè wá láti bá wa dúpẹ́. Àwọn kan ní ayé ló wà nídìí ẹ̀, pé ọfà tí wọ́n ta sí wa ni, pé ká pe ìṣọ́ òru ọlọ́jọ́ mẹ́ta. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́: kì í ṣe ayé ló ṣe é. Àwa la ṣe é.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mazda 323 wa yẹn, ọdún 1992 ni wọ́n ṣe é, jíà máńúàlì ni. Ó ti gbé wa lọ sí ìsọjí, ó ti gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù lóru, kò já wa kulẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan a lọ sí ìpàdé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Nígbà tí a parí, pásítọ̀ kan tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí lọ́mọ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó tẹ rìmóòtù ọwọ́ rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ṣáná lọ́ọ̀ọ́kán. Kó tó dé ibẹ̀, AC ti tutù. Gbogbo wa wò ó. Àwa gbé kóòtù wa wọ inú ọkọ̀ tiwa nínú oòrùn ọ̀sán, ìjókòó gbóná bí ààrò, AC wa ò sì fi bẹ́ẹ̀ tutù mọ́. A ò ní parọ́ fún yín, ó wù wá. A sọ fún ara wa pé nítorí oòrùn ni, pé nítorí orúnkún tó ń dùn wá ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ̀ pé ìlara kékeré kan wà nínú ẹ̀.

A gbé ọkọ̀ lọ bá rewáyà kan, ó gba ₦45,000 lọ́wọ́ wa. A bi í pé ṣé kò léwu fún jíà máńúàlì. Ó ní, "Dádì, ẹ má mikàn. Kẹ́ ẹ ṣáà ti máa fi í sí firíì tẹ́ ẹ bá ti páàkì." A ní ó dáa.

Ohun tí a gbàgbé ni pé háńdì bíréèkì wa kò mú mọ́ láti bí ọdún kan. Tí a bá páàkì síbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, jíà kìíní la máa ń fi ọkọ̀ sí, kó má baà yí lọ. Ẹ sì mọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ọwọ́ ti mọ́ ọn lára. Kì í bi ọpọlọ léèrè mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, lẹ́yìn ìsìn, a dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn díákónì, a sì tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó ta síwájú, ẹ́ńjìnnì gbà, ó sì ń lọ láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Tánkì omi ló dá a dúró. Lẹ́bàá tánkì yẹn ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ti máa ń fọwọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Kọ́ọ̀pù tó fi bu omi ṣì wà nílẹ̀. Táyà ti gùn ún.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwa àti ìyàwó wa lọ bẹ ìyá ọmọ náà nílé. Kò bú wa. Ohun tó sọ ò ju èyí lọ: "Pásítọ̀, ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá a." Àwa fúnra wa la bá a gba ààwẹ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ ká rí oorun sùn.

Ìdí nìyí tí a fi ní kì í ṣe ayé. Tí a bá sọ pé àjẹ́ ló ti ọkọ̀, a ò ní tún háńdì bíréèkì ṣe. Rewáyà ò ní kọ́gbọ́n. Ẹlòmíì tó ń wa máńúàlì á lọ fi sí tiẹ̀ lọ́la, ọmọ ẹlòmíì á sì wà níwájú ẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bíréèkì tí kò mú ni ètè tiwa. Oòrùn ni làpálàpá. Làpálàpá la ná owó lé lórí.

Lẹ́yìn náà, a lọ jókòó ti ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ iná ọkọ̀ dáadáa, ó sì là wá lóye. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná bátìrì á gba inú àwọn wáyà tó wà lẹ́yìn ibi kọ́kọ́rọ́ kọjá: ọ̀kan fún rédíò àti irú wọn, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì àti epo, èyí tó kẹ́yìn ló ń yí kíkì-sítátà. Àpótí kékeré tí rewáyà so mọ́ àwọn wáyà yìí ló ń ṣe ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò rí ohun tí ojú yín rí. Kò mọ̀ bóyá ọmọ wà níwájú. Kò mọ̀ bóyá mẹkáníìkì ti kọwọ́ bọ ìdí bẹ́líìtì.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe é fi ní kí wọ́n so ẹ̀ṣọ́ mọ́ ọn. Wáyà kan yẹ kó lọ sí bíréèkì: tí ẹnikẹ́ni bá tẹ bíréèkì láìfi kọ́kọ́rọ́ sí i, ẹ́ńjìnnì á kú. Swíìṣì kan yẹ kó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti ṣí, rìmóòtù ò ní ṣiṣẹ́. Nínú ọkọ̀ ọ́tò, swíìṣì kan wà nídìí jíà tí kì í jẹ́ kó ṣáná àfi tó bá wà ní P tàbí N. Púpọ̀ ọkọ̀ máńúàlì àtijọ́ ò ní irú ẹ̀ rárá. Nígbà tí a sì tú tiwa, wáyà bíréèkì àti ti bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní dídì, wọn ò so wọ́n mọ́ ibì kankan.

Èrò tiwa rèé, ẹ gbà á bí ọ̀rọ̀ bàbá sí ọmọ.

Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ máńúàlì àtijọ́, ẹ má fi sí i. Ẹni tó rántí firíì ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá gbàgbé ló máa ká a mọ́.

Tó bá jẹ́ ọ́tò àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tí kò séèyàn níwájú tàbí lẹ́yìn. Ẹ fa háńdì bíréèkì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidi, ẹ fi jíà sí D, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Tí kíkì bá yí, swíìṣì yẹn ti bàjẹ́ tàbí kí rewáyà kan ti so ó pa. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná.

Tí rewáyà bá parí, ẹ má tíì sanwó tán. Ẹ ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, kí ẹ wá tẹ rìmóòtù. Kò gbọdọ̀ ṣáná. Tí kọ́kọ́rọ́ yín bá ní chip, ẹ má jẹ́ kí ó fi kọ́kọ́rọ́ kejì pamọ́ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù kí iṣẹ́ lè yá. Olè ló ń bá ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Èyí tó tún le jù: ẹ má fi rìmóòtù ṣáná sí ọkọ̀ tó wà nínú gáréèjì tí wọ́n tì. Èéfín tí ń pa èèyàn nídìí jẹnẹrétọ̀ náà ló ń jáde nínú ọkọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹ lè jókòó lé e nínú yàrá kí ẹ má mọ̀ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́.

Ẹnì kan bi wá lẹ́yìn ìpàdé àdúrà pé, "Pásítọ̀, ṣé ẹ ò gbà pé ọ̀tá wà ni?" A gbà. Ọ̀tá wà. Ṣùgbọ́n rìmóòtù ò sí lọ́wọ́ ọ̀tá lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ wa ló wà.

Ẹ ṣí Diutarónómì 22:8. Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun pé kó mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹlòmíì má baà já bọ́ láti ibẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wà lọ́rùn onílé. Ọlọ́run tó ń fi áńgẹ́lì ṣọ́ wa náà ló ní ká mọ odi. Jésù fúnra rẹ̀ kọ̀ láti bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ḿpìlì kó lè fi dán ìṣọ́ Ọlọ́run wò. Wáyà bíréèkì yẹn, swíìṣì bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, odi òrùlé tiwa nìyẹn. Àwa ò mọ ọ́n.

A kò sọ pé rìmóòtù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ o. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ gbà á, tó ṣe é bó ṣe yẹ, kó máa gbádùn AC rẹ̀. Àwa ti tú tiwa. A ti tún háńdì bíréèkì ṣe. Owó tánkì, àpò wa ló ti jáde, kì í ṣe àpò ìjọ. Ìdúpẹ́ máa wáyé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà náà, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ yẹ bíréèkì wò. Ìyẹn náà wà lára ìdúpẹ́.

Olúwa kò ní jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa pa ọmọ tí a fi ààwẹ̀ gbà. Ẹ wí pé Àmín. Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó fẹ́ fi rìmóòtù sí ọkọ̀ àtijọ́, ẹ bá wa fi èyí ránṣẹ́ sí i lónìí.