Ẹni tó kọ́ àṣà Jámánì kò sọ ilé nù

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ó sì tó àkókò kí a fèsì sí i. Wọ́n ní ọmọ tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, tó wá ń wo olùkọ́ rẹ̀ lójú, tó ń ní kí àlejò sọ tẹ́lẹ̀ kí ó tó wá, tó sì ń kọ ohun tí kò fẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ bò ó, ti sọ ìwà ọmọlúàbí nù. A kò gbà. Ẹ̀kọ́ ilé gan-an ni ó ní kí àlejò bọ̀wọ̀ fún onílé bí onílé ṣe ń fẹ́ ọ̀wọ̀.

Kí ni ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ń ṣe láàárín wa? Wọ́n ń sọ fún àgbà pé a rí i, a sì kà á sí. Ní Jámánì, aago ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ènìyàn ṣe àdéhùn aago mẹ́ta, tó dé ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ti fi onítọ̀hún wọ́lẹ̀. Bákan náà, ọmọ tó rẹ ojú sílẹ̀ níwájú àgbà ń bọ̀wọ̀ nílé wa. Níbẹ̀, wọ́n lè rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́.

Ọmọ Yorùbá kò sì lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Jámánì ní Sie àti du, bí àwa ti ní ẹ àti o, bí Faransé ti ní vous àti tu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń pín in. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi du pe ara wọn, ìbáà jẹ́ pé ọ̀kan fi ọdún 10 ju èkejì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń fi Sie pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó dàgbà jù ú lọ rò pé òun ń bọ̀wọ̀. Ẹlẹgbẹ́ náà yóò rò pé ó ń ta òun nù.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ní ẹ̀bi tiwọn. Wọ́n kó ara wọn jọ, Faransé àti Yorùbá nìkan ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń ròyìn pé ará Jámánì kì í kí ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní yàrá tí a ti ń dúró de dókítà, ẹni tó wọlé a máa kí gbogbo àwọn tó jókòó, bí kò tilẹ̀ mọ ẹnì kankan. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, ariwo di èèwọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà a tì, ìdákẹ́jẹ́ sì ni òfin ọjọ́ náà. Ẹni tó ń ṣe àríyá ìkómọ di òru, tó da bébà, ìgò àti ìdọ̀tí oúnjẹ pọ̀ sínú àpótí kan, ń ba orúkọ Yorùbá jẹ́. Bí àlejò bá ṣe irú rẹ̀ ní agboolé wa, kí ni a ó wí?

Ẹ rántí Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó dé Ìbàdàn ní 1950, tó gbé Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo, tó kọ́ ìṣe wa. Ní 1981, ó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Yunifásítì Bayreuth, ó sì sọ ọ́ ní Iwalewahaus, láti inú ọ̀rọ̀ wa pé ìwà lẹwà. A yìn ín. Èéṣe tí ohun tó jẹ́ ìyìn fún un fi wá di ẹ̀gàn fún ọmọ wa?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́: a kò ní kí ọmọ wa gba ìwọ̀sí. Ẹni tí wọ́n fi yàrá dù nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ kò jẹ̀bi àìmọ àṣà. Òfin kan wà ní Jámánì láti 2006 tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè wọn ni yóò sì rọrùn fún láti lò ó.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa má fi àdúrà àti àsè nìkan sin akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà mọ́. Kí àwọn tó ti lọ tó bọ̀ kọ́ ọ pé ó gbọ́dọ̀ forúkọ ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pé kò gbọdọ̀ wà láìní ìdánilójú ìtọ́jú ìlera, pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ "c.t." sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ń bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn aago náà. Kí àwọn òbí sì yé fi ìwà Kétu dá ẹjọ́ ọmọ tó wà ní Leipzig. Bí ó bá padà wálé, tó kọ̀ láti kúnlẹ̀ tàbí láti dọ̀bálẹ̀, ìgbà náà ni kí a bá a wí.