Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ìbàdàn, ọsibítù wo ni kó wọ̀?

Lẹ́tà kan wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ní ká má dárúkọ òun. Ìlọrin ló ti ń ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́fà gbáko ló fi wà ní ọsibítù ìjọba níbẹ̀. Wọ́n wá gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, òun náà kó ẹrù tẹ̀lé e, ti ọmọ ti ọmọ. Àpáta ni wọ́n ń gbé. Ọsibítù aládàáni kan nítòsí ilé ti ní kó máa bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kó kó ojúlówó sátífíkéètì rẹ̀ dání kí àwọn bá a tọ́jú ẹ̀. Ó ní ṣé kí òun gbà, àbí kí òun dúró de iṣẹ́ ìjọba?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kó sátífíkéètì yín fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ yín ni o! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, nọ́ọ̀sì lòun náà. Nígbà tó ti Òṣogbo kó lọ sí Èkó, irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ló bá pàdé. Ó kó ìwé fún wọn. Ìgbà tó rí iṣẹ́ tó sàn jùyẹn lọ, wọ́n ní kò tíì lo ọdún méjì, wọn ò fún un níwèé. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń lọ tó ń bọ̀, títí iṣẹ́ kejì fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ìwé ọ̀hún jáde, igun kan ti ya, omi ti kán sí i. Fótókópì ni kí ẹ fún wọn. Kí wọ́n wo ojúlówó lójú yín, kí ẹ sì gbé e padà sínú báàgì yín.

Ti láísẹ́ǹsì ò le. Nursing and Midwifery Council ló ni ín, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Kwara, bó ṣe ń jẹ́ ní Ìlọrin náà ló ń jẹ́ ní Ìbàdàn. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un gbà, ẹ yáa wo ọjọ́ tó wà lára tiyín.

Ó ku ti ìjọba. UCH, tó ti wà lójú ibi tó wà yẹn láti 1957, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu, ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Wọn kì í gba èèyàn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ fún wa bóyá ẹ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Bí ẹ ò bá tíì kọ ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná! Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní transfer of service. Bí ibi tí ẹ ń lọ bá gbà yín, tí ibi tí ẹ ti ń bọ̀ sì yọ̀ǹda yín, ọdún mẹ́fà yẹn ò ní wọgbó.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ pátá, tí aládàáni yìí sì gba fótókópì, n ò ní ní kẹ́ ẹ má lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ yẹn, aládàáni mìíràn náà ló padà wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun dòní. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè owó pẹ́ńṣàn. Òfin 2014 sọ pé ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti tó 15 gbọ́dọ̀ máa san án: nínú 100 náírà, 8 lọ́wọ́ yín, 10 lọ́wọ́ tiẹ̀. Ọ̀gá tó bá ń fi ẹ̀rín dáhùn ìyẹn, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Kí ẹ sì yọjú síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kì í ṣe ọ̀sán tí mátírọ́ọ̀nù ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ka àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ka nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn. Ṣé omi ń yọ? Ṣé ìbọ̀wọ́ wà? Ta ló máa gbé ọmọ yín dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣe náìtì? Ẹni tó ń gbé Àpáta, tó parí ṣíìfù ọ̀sán ní UCH, yóò gba Dùgbẹ̀ kó tó délé, ilẹ̀ á sì ti ṣú. Ẹ bá ọkọ yín sọ ìyẹn kó tó di ìjà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí wa padà, kí ẹ sọ bóyá ẹ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tàbí ẹ ò tíì kọ ọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ò jìnnà mọ́.