Ẹ Yé Fi Iná Dán Iyùn Wò

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Aluu! Ọ̀rọ̀ iyùn ló gbé wa dé lọ́tẹ̀ yìí. Níbi ìgbéyàwó kan tí ọmọ wa ti gbé ọmọ Ikwerre níyàwó, obìnrin wa kan ní rọ́bà ni ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá ìyàwó jogún. Kí a tó pajú dé, ó ti ṣáná sí i. Iyùn gidi ni! Ó dúdú, ó sì là. Lójú àwọn àna wa, a ti tàbùkù wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi bẹ̀ wọ́n.

Iyùn kì í ṣe òkúta. Ẹran inú òkun tín-ín-tìn-ìn-tín ló ń kọ́ ọ, ohun tí ìgbín sì fi ń ṣe ìkarahun náà ló fi ń kọ́ ọ. Iná ń bà á jẹ́, ọsàn wẹ́wẹ́ ń jẹ ẹ́, ọ̀bẹ ń họ ọ́. (Ẹni tó ń fi eyín gé e wò, a ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń wá níbẹ̀.)

Ìmọ́lẹ̀ ló yẹ ká fi dán an wò. Awò kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìlẹ̀kẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́. Iyùn gidi a máa ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá jẹ́ gíláàsì, ẹ lè rí afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó nínú rẹ̀ bí ìfófòó ọṣẹ. Rọ́bà sábà máa ń ní ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Èyí tí wọ́n rẹ láró ńkọ́? Aró á ṣù sí ojú ibi tó là àti ẹ̀bá ihò okùn. Ẹ gbé awò náà síwájú fóònù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí tẹbí-tará jọ rí i.

Awò kò lè parí gbogbo rẹ̀. Ní àwọn ilé àyẹ̀wò ńlá lókè òkun, wọ́n ń tan iná lésà sí iyùn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá padà wá ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ àbímọ́ ni tàbí aró, láìfọ́ nǹkan kan. Yunifásítì Port Harcourt kò jìnnà sí wa, wọ́n sì ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti físíìsì níbẹ̀. A ti ń múra láti kọ lẹ́tà sí wọn, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa.

Kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó dé, awò méjì la fẹ́ rà. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa. Ìkejì, ilé àwọn àna wa la ó gbé e lọ.