Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni

Àwọn baba wa tí wọ́n pa á lówe pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni kò fi òwe náà kọ́ wa pé kí á má gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé, bí ẹni tí a rán lọ wo nǹkan fún wa tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, ibi tí ó dúró sí kọ́ ni àwa dúró sí, ohun tí ó sì ká a lára lè máà jẹ́ ohun tí ó ká wa lára.

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè Niger ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn olórí àjọ ECOWAS, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú jẹ́ alága wọn nígbà náà, fún wọn ní ọjọ́ méje kí wọ́n dá ìjọba padà, bí wọn kò bá fẹ́ fojú kan ogun. A sì ti ẹnubodè pa títí di oṣù Kẹta ọdún 2024. Lójú àwọn ọ̀mọ̀ràn ìjọba ní Àbújá, ààbò ni wọ́n ń wá, nítorí pé ìbọn tí a bá gbà láyè nílé aládùúgbò lè yà sílé ẹni. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ń ná ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tàbí ọjà Tàkíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ààbò ni pé kí á lọ, kí á bọ̀, kí ajínigbé má pàdé wa lọ́nà. Ẹni tí ó sì ní ọmọ lókè Ọya kò lè gbọ́ ìró ogun kí ó sùn wọra.

Ọ̀yọ́ àtijọ́ mọ̀ pé ó yẹ kí ẹni tí ń darí ogun fojú ara rẹ̀ rí ewu rẹ̀. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Aláàfin, kì í gbé olú-ìlú. Òótọ́ ni pé a kò fẹ́ kí agbára méjì figa gbága nínú ìlú kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọgbọ́n mìíràn wà níbẹ̀: bí ọ̀tá bá dìde, ìlú tí Kakaǹfò fúnra rẹ̀ ń gbé ni iná yóò kọ́kọ́ ràn dé. Tóyèjẹ, Baálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, wà nínú àwọn tí ó jẹ oyè náà. Ojú ara rẹ̀ ni ó fi ń wo ogun.

Ṣùgbọ́n aráàlú náà máa ń fi ojú olójú wo ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọjọ́ 14. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò ìhà àríwá Gánà, ẹlòmíràn sì ti bí ọmọ-ọmọ síbẹ̀. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ ajigbèsè, wọ́n padà wá sí Nàìjíríà tí ogun abẹ́lé ń jà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ó kan àwa náà láti lé àlejò: ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn tí kò ní ìwé máa lọ, àwọn ará Gánà ni wọ́n sì pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa pàtẹ́wọ́, pé ìṣẹ́ àti olè yóò bá wọn lọ. Ìṣẹ́ kò lọ, olè kò lọ. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba tí ó lé wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ológun. Nítorí náà, ìbẹ̀rù aráàlú pẹ̀lú lè ṣi ọ̀nà, nítorí ojú olójú ni àwa fi wo ará Gánà.

Kì í ṣe pé kí ọ̀mọ̀ràn dákẹ́ kí ọjà máa pàṣẹ ni mo ń wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti ẹnubodè tàbí kí ó gbé ogun ró, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti awakọ̀, oníṣòwò àti ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi. Bí ó bá gbọ́ tiwọn tán tí àṣẹ náà ṣì tọ́ lójú rẹ̀, kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, nítorí pé ìlú tí a kò fọ̀rọ̀ lọ̀ kì í bá ni ru ẹrù ogun.