Ẹ Má Fi Ìkánjú Fá Irùngbọ̀n

Ará wa nínú Olúwa, ẹ wo àwọn ọkùnrin kan nínú ìjọ ní Ìkéré-Èkìtì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi: ẹ̀jẹ̀ wà lára ọrùn ẹ̀wù, kókó wẹ́wẹ́ kún abẹ́ àgbọ̀n. Abẹ ni wọ́n ń bú. Ìkánjú ni èmi bá wí. Irun wa a máa ká. Bí a bá fá a láìrẹ ẹ́, ó lè hù padà wọnú awọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́. Ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì máa yí i lórí ọṣẹ títí ìfófó rẹ̀ yóò fi ki. Bó bá ń ṣàn, omi ti pọ̀ jù. Bó bá ń gbẹ, bó ti máa ń rí nígbà ọyẹ́, ẹ kán omi díẹ̀ sí i. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ tó fá a síbi tí irun kọjú sí. Ṣé kò sí àyè ni? Jósẹ́fù tí wọ́n mú jáde kánkán láti inú túbú ráyè fárun kó tó dé iwájú Fáráò (Gẹ́nẹ́sísì 41:14).

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti onígbàjámọ̀ tó ń fi abẹ kan ṣoṣo fá gbogbo ènìyàn. Àrùn éèdì àti mẹ́dọ̀wú lè gba ojú abẹ wọlé. Ẹ̀yin bàbá, ẹ mú abẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tiyín lọ. Bó bá fẹ́ bínú, kó bínú.