ỌMỌ TÍ WỌ́N Ń PÈ NÍ DÌNDÌNRÌN, ỌMỌ ÒṢÌṢẸ́ NI

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì ni a máa ń gbé sí ojú ìwé yìí, a kò sì ní dẹ́kun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ìpàdé, tí wọn kì í fẹ́ kí akọ̀wé kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ọmọ tí ó pé ọdún mẹ́rin tí kò tíì pe ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò gba orí dúró. Ọmọ tí ó ti lo ọdún mẹ́ta ní kíláàsì kan náà tí kò sì lè ka orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ tí kì í wo ojú ẹni, tí ó ń fi ọwọ́ di etí bí agogo ilé-ìwé bá dún. Àdúgbò ti sọ wọ́n lórúkọ: dìndìnrìn, arìndìn, olódo, emèrè. Àwa sọ pé ọmọ òṣìṣẹ́ ni wọ́n, àti pé ọ̀rọ̀ wọn kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Kí a tó jà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Èyí kì í ṣe wèrè. Láti inú oyún, láti ìgbà ìbí tàbí láti kékeré ni ó ti bẹ̀rẹ̀, tí ọpọlọ ọmọ kò fi dàgbà bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí dókítà ń pè ní Down syndrome, kúrómósómù 47 ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wọn, níbi tí 46 wà nínú ti àwa yòókù. Àwọn mìíràn wà tí ìrọbí ìyá wọn pẹ́ jù, tí atẹ́gùn kò dé ọpọlọ wọn bí ó ti yẹ. Àwọn mìíràn sì wà tí ibà apọ́njú mú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ayé, èyí tí ó ń sọ ojú àti ara ọmọ ọwọ́ di bí ìyeyè. Nígbà tí a óò fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ó ti ba ọpọlọ jẹ́. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, kò sí èpè ìyá ọkọ.

Àwọn baba wa kò sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nù. Wọ́n ní ọwọ́ òrìṣà ni a fi ń wo àfín. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ nìkan kò kọ́ ọmọ bí a ti ń wẹ̀, bí a ti ń jẹun, bí a ti ń sọ pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Ohun tí ó ń wọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Àkókó ni ènìyàn tí a kọ́ ní iṣẹ́ títọ́ wọn. Ohun tí à ń bèèrè nìyí: ẹ kọ́ ènìyàn, kí ẹ sì mú ẹ̀kọ́ náà wá sí ìtòsí.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún wa pé àánú ni à ń tọrọ. Òfin ni. Ní ọdún 2018 ni àwọn aṣòfin ní Àbújá ṣe òfin tí ó ka ìyà àti ìyọsọ́tọ̀ lórí àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019. Kì í ṣe afọ́jú àti arọ nìkan ni òfin náà dá mọ̀. Ó dárúkọ àwọn tí àbùkù wọn wà ní ọpọlọ àti ní òye. Ó ní ẹni tí ó bá yọ wọ́n sọ́tọ̀ yóò san ₦100,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bí iléeṣẹ́ ni, ₦1,000,000. Ó ní ẹ̀kọ́ wọn yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé gíga girama. Ó sì ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, ní ó kéré tán ẹnì kan tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ bíbójútó ẹ̀kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara.

Ó dára. Ẹ dìde ní Ọjà Ọba ní Ìkàrẹ́, kí ẹ gba Àkùngbá kọjá títí dé Ìwàrọ̀ ní Ọ̀kà. Ẹ ka gbogbo ilé-ìwé ìjọba tí ẹ bá rí. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ẹni náà tí òfin ní kí ó wà níbí?” Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé. Ìwé náà ni a óò gbé síwájú ìjọba.

A kò dá olùkọ́ lẹ́bi. Olùkọ́ tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní ohun tí yóò ṣe, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kí ó mú pàṣán? Bẹ́ẹ̀ ni pàṣán kò la etí ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí a sọ. Láti ọdún 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yọ́ fún kíkọ́ irú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí. Yunifásítì Ìbàdàn náà ń kọ́ wọn. Ilé Modupe Cole wà ní Akoka ní Èkó, Down Syndrome Foundation náà wà ní Èkó. A kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Akoka jìnnà sí Àkókó. Ìyá tí ó ń ta gaàrí ní Ọ̀kà kò lè máa gbé ọmọ wọkọ̀ lọ sí Èkó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kò sí dókítà tó ní Àkókó tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò kan jáde fún òbí àti alágbàtọ́ àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́sàn-án tí ìdàgbàsókè wọn fà sẹ́yìn. Ìpàdé mẹ́sàn-án ni, pẹ̀lú àbẹ̀wò sílé lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ń kọ́ òbí bí yóò ti fi eré àti iṣẹ́ ilé, bíi fífọ abọ́ àti kíká aṣọ, kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Bí yóò ti tu ọmọ tí inú ń bí nínú láìlù ú. Àti bí òbí náà yóò ti tọ́jú ara rẹ̀. Kò di dandan kí dókítà kọ́ni. Nọ́ọ̀sì lè ṣe é, olùkọ́ lè ṣe é, òṣìṣẹ́ ìlera abúlé lè ṣe é, bí a bá ti kọ́ wọn. Ta ni nọ́ọ̀sì? Ta ni olùkọ́? Ṣé kì í ṣe àwa náà ni?

Àwọn mìíràn yóò ní, “Ọ̀rọ̀ ilé onílé ni èyí, kí ló kan ẹgbẹ́?” Nọ́ọ̀sì tí kò rí ẹni fi ọmọ tì, tí ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí wọ́n fún ní kúẹ̀rì, ṣé kúẹ̀rì náà kò kan ẹgbẹ́ ni? Òṣìṣẹ́ kánsù tí ó yá owó alájẹṣẹ́kù kiri ilé wòlíì, ilé aláàfáà àti ilé babaláwo, ṣé kì í ṣe inú owó oṣù tí à ń jà fún ni yóò ti san gbèsè náà?

Wọ́n tún lè ní, “Àwọn ọmọ tí ara wọn dá pàápàá kò rí bẹ́ǹṣì jókòó lé.” Ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ra bẹ́ǹṣì fún ẹnikẹ́ni. Òfin kò ní kí a kọ́ ilé alájà mẹ́ta. Ó ní kí a kọ́ ènìyàn kan níṣẹ́. Wọ́n sì lè ní àkúnlẹ̀yàn ọmọ náà ni. Ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ọn lórí láti àárọ̀ di alẹ́, ṣé ó kúnlẹ̀ yan ìyẹn náà?

Ọmọ a sì máa dàgbà. Púpọ̀ nínú wọn lè ṣiṣẹ́ bí a bá fi sùúrù kọ́ wọn. Ní ọdún 1983 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti ṣe àdéhùn kẹ́rìndínlọ́gọ́jọ-ó-lé-mẹ́ta, ìyẹn 159, lórí iṣẹ́ fún aláàbọ̀ ara, ó sì ní kí a máa fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Òfin tiwa náà ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ aláàbọ̀ ara.

Nítorí náà, ohun tí a ó gbé sórí tábìlì nìyí:

1. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó yan olùkọ́ láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà lọ kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, kí owó oṣù wọn má dín, kí wọ́n sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Àkókó.

2. Kí kánsù Akoko North-East àti ti Akoko South-West kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọn ní ètò ọdún 2022 náà, kí ìpàdé òbí sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà.

3. Kí ó wọ inú àdéhùn iṣẹ́ pé òbí tí ó gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kò ní gba kúẹ̀rì.

4. Kí kánsù kọ̀ọ̀kan fi iye aláàbọ̀ ara tí ó gbà síṣẹ́ hàn wá.

Ẹgbẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ pamọ́ fún wa mọ́. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí a lè mọ iye wa. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Òbí kan tí ó lọ sí ọ́fíìsì, wọn yóò ní kí ó padà wá lọ́la. Ogún òbí tí ẹgbẹ́ tẹ̀ lé lẹ́yìn, wọn yóò wá àga fún wọn jókòó. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.